Bí Tọkọtaya Tó Ti Fẹ̀yìn Tì Ṣe Lè Lo Ìgbà Òjò Àkọ́rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń dé sí Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn tí ooru bá ti mú débi tí oorun kì í fi í kunni nínú yàrá títí di ọ̀gànjọ́ òru. Ní ti àwa tí a ti fẹ̀yìn tì, tí a sì ti padà sílé, àkókò yìí gan-an ni ọdún wa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe oṣù kìn-ín-ní. Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́, agogo ilé ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ owó oṣù ló ń darí wa. Nísinsìnyí, òjò ló ń darí wa, òun àti ara wa. Bí ọkọ àti ìyàwó ṣe lè to ọjọ́ wọn láti oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún, kí ilé má baà jò, kí ọgbà so, kí àìsàn má sì dá wọn dùbúlẹ̀, ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi lo ọdún 31 ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò láti ayé àwọn bàbá wa. Èmi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ń ta páànù àti ìṣó. Orí òkè ni Jọ́ọ̀sì wà, ó sì tutù. Nígbà tí a dé ilé, a rò pé a ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án gangan bí a ti ń ṣe lọ́hùn-ún. Ọdún àkọ́kọ́ ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. Òjò ńlá kan rọ̀ ní àárín oṣù kẹta, bàbá wọn sì ní kí a má fi àkókò ṣòfò. A gba alágbàṣe mẹ́ta, a ro gbogbo ẹ̀yìnkùlé, a gbin àgbàdo láti ògiri dé ògiri. Bí òjò náà ṣe lọ nìyẹn. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó tún rí òmíràn. Èyí tó hù nínú àgbàdo náà rọ, ó gbẹ. Èyí tí kò hù, ọ̀kẹ́rẹ́ àti adìyẹ aládùúgbò wú u jẹ. Owó alágbàṣe wọgbó, ẹ̀yìn sì ń dun bàbá wọn títí tí àwọn tó mọ ìlú fi gbin tiwọn.

Nítorí náà, ọgbà kọ́ ló yẹ kó ṣáájú, iṣẹ́ ilé ni. Ó yẹ kí iṣẹ́ ilé ti parí kí oṣù kẹta tó tán, nítorí pé ìjì tó máa ń ṣíwájú òjò àkọ́rọ̀ le ju òjò náà fúnra rẹ̀ lọ. Oòrùn gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti mú kí ìṣó òrùlé tú díẹ̀díẹ̀, rọ́bà tó wà lábẹ́ orí ìṣó a sì ti gbẹ, á ti là. Ẹ pe káfíńtà kí ó gun òkè lọ wò ó, kí ó pààrọ̀ èyí tó bá ti bàjẹ́, kí ó sì kó ewé máńgòrò tó dí ojú ọ̀nà omi kúrò. Ọkùnrin tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe lórí àkàbà, bó ti wù kí ó máa sọ pé ara òun ṣì le tó. Ẹni tí mo ń bá wí mọ ara rẹ̀. Bí ẹ̀ka igi kan bá na ọwọ́ sórí òrùlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e kí ìjì tó bá yín gé e.

Ẹ palẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri mọ́ pẹ̀lú. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, igi ìdáná àti koríko gbígbẹ tó wà lẹ́bàá ilé ni ejò àti àkeekèé fi ń ṣe ilé, wọ́n sì máa ń jáde bí omi bá ti wọ ihò wọn. Ẹ má ṣe jáde lálẹ́ láì mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kí ẹ sì máa gbọn bàtà kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni ṣán, ẹ má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má ṣe fi ẹnu fa oró rẹ̀, ẹ má sì ṣe fi okùn di ẹsẹ̀ náà pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tí ejò bù ṣán má ṣe mira, kí ẹ sì wá ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Omi náà ní ìlànà tirẹ̀. Òjò kìn-ín-ní àti ìkejì kì í ṣe omi ìgbè sílé; eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ inú gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń fọ̀ kúrò lórí páànù. Ẹ jẹ́ kí ó ṣàn lọ, ìkẹta ni kí ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, kí ẹ sì ta àwọ̀n sí i lẹ́nu kí ẹ̀fọn má baà yé ẹyin sí i. Omi kànga máa ń dà rú ní àkókò yìí nítorí àgbàrá, pàápàá bí ẹnu kànga kò bá ga ju ilẹ̀ lọ tàbí tí kò ní ìdérí. Omi tí ẹ bá fẹ́ mu, ẹ jẹ́ kí ó fara balẹ̀, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá sè é kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Pé omi mọ́ lójú kò sọ pé ó mọ́ nínú.

Oríkì ìlú wa sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ẹni tó bá sì ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ní èlùbọ́ nílé kò tíì padà sílé tán. Èlùbọ́ iṣu àti láfún, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kí ẹ rà wọ́n, nítorí pé nígbà tí oòrùn ṣì ń mú ni wọ́n ń gbẹ dáadáa. Èyí tí wọ́n bá sá lẹ́yìn tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ máa ń bu, á sì máa rùn. Iṣu tútù náà máa ń wọ́n láti oṣù kẹrin títí tí iṣu tuntun á fi jáde. Bí ẹ bá dé ọjà Jagun, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín àpò èlùbọ́, kì í ṣe orí rẹ̀ nìkan, ẹ bù ú, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka méjì fún un: èyí tó gbẹ á fọ́n lẹ́bú, èyí tó ní omi lára á lẹ̀ mọ́ra. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ tún sá a fún ọjọ́ kan kí ẹ tó dì í. Ẹ̀wà ní tirẹ̀, inú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ ni kí ẹ dà á sí, kí ó kún dé ọrùn, kí ẹ sì dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má ráàyè wọlé. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò sí ohun tí ẹ ó jẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ìdí nìyí tí mo fi ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ̀.

Ó wá kan ọgbà. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹbí, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálé agbo ilé, kí ẹ sì ní kí ẹni tó mọ ààlà fi pèrègún tí wọ́n gbìn ṣe àmì hàn yín, nítorí ẹni tó ti pẹ́ ní ìdálẹ̀ lè fi àìmọ̀ kọ ebè sórí ilẹ̀ ìbátan rẹ̀. Ẹ má ṣe gbìn títí tí òjò á fi rọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ tí kò jìn síra wọn. Lẹ́yìn ìkẹta, ẹ ki ọkọ́ bọlẹ̀, ẹ bu erùpẹ̀ láti ibi tó jìn tó àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ sì fún un mọ́ ọwọ́. Bí ó bá dì, tí kò fọ́nká nígbà tí ẹ ṣí ọwọ́, omi ti wọlẹ̀ tó. Ìyẹn ni a ń wò nílé wa nísinsìnyí, a kì í tún wo ojú ọ̀run mọ́.

Ìwọ̀n yàrá méjì ti tó fún arúgbó méjì. Ẹ jẹ́ kí alágbàṣe ro ó, kí ó sì kọ ebè, kí ẹ fi gbíngbìn, wíwú koríko kékeré àti kíkórè ṣe tiyín. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló máa ń yá jù. Hóró rẹ̀ kéré gan-an, bí ẹ bá fi ọwọ́ lásán fọ́n ọn, ojú kan ni gbogbo rẹ̀ yóò dà sí. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, títí tí ẹ ó fi rí i pé ó ti ń yọjú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ ó ti máa fà á jẹ. Ewédú ló máa ń dójú ti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí èèpo hóró rẹ̀ le, ó sì lè wà nílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ láì hù. Ẹ di hóró náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ gbé omi kaná kí ó hó, ẹ rì í bọ̀ ọ́, ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá lọ́ra, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ rì í sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má baà jinná. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji mọ́jú, kí ẹ fọ́n ọn ní ọjọ́ kejì. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, bàbá wọn ní, “Ìyá wọn, ọbẹ̀ lo fẹ́ fi hóró sè ni?” Ọjọ́ karùn-ún ni ó hù, kò sì tún sọ nǹkan kan mọ́.

Àgbàdo náà dára, bí kò bá ti pọ̀. Ẹ gbin hóró méjì sójú ihò kan, ìhò kan sí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ ó sì rí tútù sè jẹ láàárín oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Láti bí 2016 ni kòkòrò kan tí ń jẹ ọkàn àgbàdo ti wọ orílẹ̀-èdè wa. Bí ẹ bá rí i pé ewé lu jálajàla, tí nǹkan bí lẹ́búlẹ́bú pákó tútù sì wà nínú ọkàn rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ jí lọ bá a ní kùtùkùtù, ẹ ṣí ewé náà, ẹ fi ọwọ́ mú un, kí ẹ pa á. Oko ńlá ni kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé kò gba oògùn olówó ńlá.

Wákàtí tí ẹ fi ń ṣe gbogbo èyí ṣe pàtàkì ju bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó lọ. Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ti ọgbà. Bí ó bá ti kọjá mẹ́sàn-án, ẹ ju ọkọ́ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ebè kan péré ló kù. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbàlagbà, omi a sì ti tán lára rẹ̀ kí ó tó mọ̀. Ẹ máa mu omi láì dúró de òùngbẹ, àyàfi tí dókítà bá ti ní kí ẹ dín in kù. Láti ọ̀sán títí di aago mẹ́rin, ẹ sinmi. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Kí ẹ tó lọ sí ọgbà rárá ni kí ẹ ti wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín, bí ẹ bá ní ẹ̀rọ rẹ̀ nílé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣì í wò. Ẹ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ lé ara wọn. Ẹ gbé apá lé tábìlì kí ó bá àyà dọ́gba, kí ẹ di aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ apá ní ìhòòhò, kì í ṣe lórí bùbá, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀. Nílé wa, èyí tó ṣòro jù nínú rẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ohun tó jáde sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ìwé yẹn ni kí ẹ gbé lọ bá dókítà. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni méjì ló wà ní ìlú yìí, ti Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá (LAUTECH) àti ti Yunifásítì Bowen, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1907 gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi. Ẹ lọ gba káàdì ní ọjọ́ tí ara yín dá, kí ó má baà jẹ́ pé orí ìlà ni ẹ ó wà ní ọjọ́ tí ara bá ń gbóná. Ẹ sun inú àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ẹ sì da omi inú agolo àti táyà dànù lẹ́yìn gbogbo òjò.

Máńgòrò náà ń bẹ lọ́nà. Oṣù kẹrin àti karùn-ún ni ó máa ń pọ̀ jù lọ, àwọn aládùúgbò á sì máa fi korobá gbé e wá fún yín títí tí ẹ kò fi ní mọ ibi tí ẹ ó gbé e sí. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ìdajì ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ ti tó; kí ó fi ìyókù ṣe ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó fẹ̀yìn tì ni pé ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n ti ń fi ilé sílẹ̀ ní òwúrọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kò mọ bí wọ́n ṣe ń wà pa pọ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, òjò a sì tún wá há wọn mọ́ ilé. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí a délé, bàbá wọn ń tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná bí ẹni tó ń ka ọjà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń fi ọṣẹ púpọ̀ fọ abọ́, ó sì ń to ìkòkò mi láti orí èyí tó tóbi sí èyí tó kéré. Mo fara dà á fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó sọ fún un pé, “Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀bù yín wà ní Jọ́ọ̀sì. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi.” Ó bínú díẹ̀. Lẹ́yìn náà a jókòó, a pín ilé: ọgbà, omi àti gbogbo ọ̀rọ̀ iná di tirẹ̀, ilé ìdáná àti ìwé owó di tèmi, òun ní abẹ́ máńgòrò pẹ̀lú rédíò rẹ̀, èmi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Aago mẹ́wàá sí méjìlá, ẹnikẹ́ni kì í pe ẹnì kejì àyàfi bí iná bá ń jó. Mo gba gbogbo tọkọtaya nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe ìpín yìí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá délé, kí ìbínú tó kọ́ wọn. Bí ẹnì kan bá kú tàbí tí ó rìnrìn àjò, ẹnì kejì ṣì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, nítorí náà a máa ń pààrọ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù. Ọjọ́ yẹn ni mo ń jẹ ọbẹ̀ tó ní iyọ̀ púpọ̀.

Ní ti owó, mo ní owó ìfẹ̀yìntì, bàbá wọn kò ní, nítorí ọlọ́jà ni. (Òfin àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2022 ti gbé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ sókè sí 65; èmi ti kúrò kí ó tó dé, n kò sì banú jẹ́.) Àwọn ará ilé máa ń rò pé ẹni tó ti ìdálẹ̀ dé kó owó bọ̀. Ìgbà òjò àkọ́rọ̀ sì ni òde máa ń pọ̀ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, tí aṣọ ẹbí á máa wá láti ọ̀tún àti òsì. Ẹ jọ jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí ẹ yọ owó oògùn kúrò ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà oúnjẹ àti alágbàṣe, kí ẹ wá pinnu iye tí ẹ ó fi ṣòde. Òde tí ìyẹn kò bá ká, ẹ lọ kí wọn nílé ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn kékeré, láì ra aṣọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá yá owó, kí ẹni tó bá pàdé rẹ̀ sọ pé òun ń lọ bá ẹnì kejì òun sọ ọ́. Kí ẹnì kankan má ṣe dáhùn níbẹ̀.

Ó ku alẹ́. Bí òjò bá dá ní ìrọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ sì ṣì gbóná, èsùnsùn á yọ, á sì rọ́ wọ ilé tí iná bá wà. Ẹ pa gbogbo iná inú ilé, ẹ tan ẹyọ kan ṣoṣo sí ìta, kí ẹ gbé ọpọ́n omi sábẹ́ rẹ̀. Inú omi ni wọn yóò máa jábọ́ sí, ìyẹ́ wọn á sì máa já. Àwọn ọmọ aládùúgbò máa ń wá bá wa kó o. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fẹ́ ìyẹ́ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ dín in nínú ìkòkò gbígbẹ láì fi òróró sí i, nítorí ọ̀rá wà lára rẹ̀ fúnra rẹ̀. Iyọ̀ díẹ̀ ló kù. Bàbá wọn ní dandan ni kí ata gígún wà nínú rẹ̀. Èmi kì í fi í sí i, àmọ́ mo máa ń gbé ata náà sínú abọ́ kékeré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ rédíò rẹ̀.